Ìwọ̀n Lọ́ńdọ̀nù ní Ọ̀rítamẹ́fà: Ìtàn Ilé Ìwòsàn UCH, Ìbàdàn

Ẹni tó bá ń gbé ní Barking tàbí ní Dagenham, tí àìsàn ńlá sì dá a dùbúlẹ̀, ibì kan nínú méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ: King George ní Goodmayes, tàbí Queen's ní Romford, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2006 láti rọ́pò ilé ìwòsàn Oldchurch. Èyí tó wà nínú àgbègbè wa gan-an, ní Upney Lane, kò tó àwọn yẹn ní títóbi. Ibi yòówù kí ó jẹ́, kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ èdè Yorùbá, bí kò bá jẹ́ lẹ́nu aláìsàn, a jẹ́ pé lẹ́nu ẹni tó wá tọ́jú aláìsàn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó ti ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì tó wá wọn ìfúnpá rẹ̀ ka orúkọ tó wà lára ìwé, ó wo ojú ìyá náà, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀, bí ẹni pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹ rí oorun sùn?" Ìyá náà bi í pé, "Níbo lo ti kọ́ṣẹ́, ọmọ mi?" Ó dáhùn pé, "Ọ̀rítamẹ́fà ni, mà." Kò dárúkọ ilé ìwòsàn kankan, ìyá náà kò sì tún bi í léèrè mọ́. Ọmọ Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì mọ̀ pé University College Hospital, tí gbogbo ayé ń pè ní UCH, ló wà ní ìkóríta náà.

Ìdáhùn yẹn ló bí àròkọ yìí. Kí ló dé tí iṣẹ́ tí ènìyàn kọ́ ní ìkóríta kan ní Ìbàdàn fi wúlò tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé ọrọ̀-ajé tó dẹnu kọlẹ̀ àti àìbìkítà ìjọba ló ń lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa jáde. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì dé gbòǹgbò. Èrò tèmi ni pé ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà jáde ti wà lára ilé náà láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ìwọ̀n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi kọ́ UCH, àwọn bàbá wa gan-an ni wọ́n sì jà kí ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ìjà náà ti pẹ́ ju ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ lọ. Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, àwọn dókítà Yorùbá bí Obadiah Johnson àti Oguntola Sapara ti gboyè ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Èkó. Ní ọdún 1902, ìjọba amúnisìn da ẹ̀ka ìṣègùn gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì pa á láṣẹ pé ẹni tó bá jẹ́ ìran ará Yúróòpù nìkan ni wọn yóò máa gbà sí i. Bí ènìyàn dúdú tilẹ̀ gba oyè kan náà, ní yunifásítì kan náà, lọ́wọ́ olùkọ́ kan náà, kò lè bá wọn jókòó. Nígbà tó wá di ọdún 1930, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan sílẹ̀ ní Yábàá. Ìrètí ọ̀pọ̀ ni pé ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n àwọn tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe dókítà pípé lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n, abẹ́ òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìwé-ẹ̀rí wọn kò sì níye lórí mọ́ bí ó bá ti kọjá bodè Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó wọ inú egungun. Nígbà tí wọ́n ṣí Yaba Higher College ní ọdún 1934, tí ó hàn pé kò ní àjọṣe kankan pẹ̀lú yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀, èyí tó padà di Nigerian Youth Movement. Dókítà ni ààrẹ wọn, James Churchill Vaughan, ẹni tó gboyè ìṣègùn ní Glasgow. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí wọ́n béèrè. Wọn kò ní kí a ṣẹ̀dá òṣùwọ̀n tiwa fún ìmọ̀ ìṣègùn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí òṣùwọ̀n jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà lè dúró níwájú ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láìtijú. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá wà níbẹ̀ lọ́dún náà ì bá béèrè ohun mìíràn. Ìwé-ẹ̀rí tí kò lè rìn jáde jẹ́ ẹ̀wọ̀n lójú wọn.

Ogun Àgbáyé Kejì ló yí ọkàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì padà. Ní ọdún 1943, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Walter Elliot láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Ìròyìn wọn jáde ní 1945, ó sì yọrí sí dídá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, lábẹ́ àkóso Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí: Ẹléyẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ilé tí ogun fi sílẹ̀, èyí tó ti jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn sójà tẹ́lẹ̀. A lè sọ pé ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ gba yunifásítì lálejò, kí yunifásítì tó wá bí ilé ìwòsàn tirẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó di pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwé sílẹ̀, kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Adéọ̀yọ́ ni ilé ìwòsàn tó wà nílùú, ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn sì ni. Ìjọba náwó sí i, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi kún ohun èlò rẹ̀. Ní ọdún 1951, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù rán ìgbìmọ̀ olùbẹ̀wò wá lábẹ́ Dókítà T. F. Hunt kí wọ́n lè mọ̀ bóyá Adéọ̀yọ́ yẹ fún ẹ̀kọ́ oyè Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n wò ó yíká, wọ́n sì ní kò tó.

Ìdájọ́ náà le, àbájáde rẹ̀ sì pọ̀. Àkọ́kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti parí apá àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ wọn ní Ìbàdàn ní láti wọ ọkọ̀ òkun lọ parí rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù. Èkejì, ní ọdún 1952, ìjọba ṣe òfin tó dá ilé ìwòsàn tuntun sílẹ̀, èyí tí a kọ́ láti ìpìlẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ nìkan. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà ní 1953, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1957, pẹ̀lú 500 ibùsùn. Ìbàdàn ni ìlú tó tóbi jù lọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nígbà náà, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Adéọ̀yọ́, nítorí àwọn tó ń kọ ìtàn UCH sábà máa ń gbà á kọjá bí ẹni ré kòtò kọjá. Adéọ̀yọ́ kò kú. Àwọn ìyá Ìbàdàn ń bímọ níbẹ̀ kí Hunt tó dé, wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀ lẹ́yìn tó lọ. Ohun tí olùbẹ̀wò sọ kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ilé náà ń wo ará ìlú sàn. Ohun tó ń wá ni bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ibẹ̀ jáde kó sì dọ́gba pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn sí èkejì ló pinnu ibi tí owó gbà lọ.

Ní ọdún 1960, ọdún òmìnira, ni àwọn dókítà àkọ́kọ́ tó kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn ní Ìbàdàn gba oyè ìṣègùn, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù sì ni. Ọdún 1962 ni Ìbàdàn tó di yunifásítì aládàáni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ fúnni ní oyè. Títí di ìgbà náà, ohun tí Lọ́ńdọ̀nù bá kà sí ìmọ̀ ni a ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lé lórí. Ẹ wá fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní Ọ̀rítamẹ́fà. Aláìsàn ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ jẹ̀díjẹ̀dí, ilé wọn náà ń pè é bẹ́ẹ̀: ohun dídùn ló ń fà á, ó ń mú ìdí, ó ń mú ẹ̀yìn, ó sì lè gba agbára lára ọkùnrin. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní láti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kó kọ díẹ̀ sábẹ́ àrùn yìí, díẹ̀ sábẹ́ tọ̀hún, kó sì sọ èyí tó kù nù. Una Maclean, tó ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn, tẹ ìwé kan jáde ní 1971 lórí bí àwọn ará ìlú ṣe ń lo ìṣègùn Yorùbá àti ti òyìnbó pọ̀. Àwọn aláìsàn kò rí ìjà láàárín méjèèjì. Ìwé ìdánwò ló rí ìjà níbẹ̀.

Ti àwọn nọ́ọ̀sì kò yàtọ̀. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH sílẹ̀ ní 1952, kí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ tó dìde, wọ́n sì gbé e ka orí ìlànà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ so ìlú méjèèjì pọ̀ jù lọ ni Kofoworola Abeni Pratt. Ọmọ Èkó ni. Láti kékeré ló ti fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, bàbá rẹ̀ kò gbà, ó sì di olùkọ́. Lẹ́yìn tó lọ́kọ, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tó kọ̀ pé ọwọ́ dúdú kò ní kan òun. Nígbà tí NHS, ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ní ìlú tí a wà yìí, ìyẹn nìkan ni wọ́n sábà fi ń rántí rẹ̀. Lójú tèmi, ọdún 1954 ló ṣe pàtàkì jù, ọdún tó padà sílé. Ó dé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú tín-ín-rín, síbẹ̀ ipò olórí wọ́ọ̀dù lábẹ́ ìjọba amúnisìn jẹ́ ti àwọn obìnrin òyìnbó. UCH ló fún un láyè láti gòkè, àkàbà náà kò sì yá: ọdún mẹ́wàá kọjá kí ó tó di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní 1964, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní 1965, ó kópa nínú bí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ṣe wọ Yunifásítì Ìbàdàn. Ó tún ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973. Ẹ ó rí i pé ìwé-ẹ̀rí tó ń rìn kì í ṣe ìlọ nìkan ló ń rìn. Ó mọ̀nà àbọ̀ pẹ̀lú, bí ohun tó yẹ kí ènìyàn padà sí bá wà nílẹ̀.

Ní ọdún 1960 sí 1975, ohun náà wà nílẹ̀. Látúndé Òdékù jáde ní Howard, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, Amẹ́ríkà. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ni nínú iṣẹ́ náà. Ní 1962, ó padà wá sí Ìbàdàn, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbi tí kò ti sí ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Ó tún ń kọ ewì, èyí tí kì í sábà wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ẹni ọdún 47 ni nígbà tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ìkàwé ìṣègùn ní Ọ̀rítamẹ́fà lónìí.

Àwọn kan tilẹ̀ gbìyànjú láti yí òṣùwọ̀n náà padà láti inú wá. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kì í ṣe àwọn tó wá sí ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ń kà, gbogbo ìlú ni, kí a lè mọ irú jẹjẹrẹ tó ń bá wa jà gan-an, yàtọ̀ sí èyí tí ìwé òyìnbó sọ. Ní 1963, Oladipo Ogunlesi, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn, bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera ìgbèríko ní Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kò ní gboyè mọ́ láì gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó mọ odò tí wọ́n ń pọn, kó mọ ohun tó ń pa ọmọ wọn. Hunt kò béèrè irú èyí ní 1951. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pe UCH ní àwòkọ Lọ́ńdọ̀nù lásán. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀: ìwádìí Ìbàràpá kò sí lára ohun tí ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù ń wá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́. Ohun tí ó ń wá ni apá tó jọ tirẹ̀, apá yẹn ni UCH sì ń kọ́ni dáadáa jù.

Ìwọ̀sílẹ̀ rẹ̀ kò gba àlàyé gígùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, wọ́n kéde fún aráyé pé àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà ti di ibi tí a kàn ń lọ gba ìmọ̀ràn, tí kò ní oògùn, tí kò ní omi, tí kò ní ohun èlò. Nígbà tí àwọn dókítà yanṣẹ́ lódì lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìjọba ológun kan náà fòfin de ẹgbẹ́ wọn ní 1985. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé dé, náírà já wálẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti lo ogún ọdún ní Ọ̀rítamẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í gba lẹ́tà láti Saudi Arabia, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé-ẹ̀rí wọn kò ní ìṣòro ní bodè kankan. Èyí gan-an ni ohun tí Vaughan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà fún.

Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì sọ pé kí ilé ìwòsàn wọn má ṣe lọ máa ṣa àwọn ènìyàn láti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé wá, kò sí ẹni tó ní kó padà. Ní ọdún yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí ti ju 10,000 lọ. Láti ìparí ọdún 2024 wọ 2025, ó lé ní 100 ọjọ́ tí UCH fi wà láìsí iná ìjọba nítorí awuyewuye lórí gbèsè, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Alexander Brown Hall fi fẹ̀hónú hàn.

Ta ló wá jẹ ta ní gbèsè? Owó ìlú Nàìjíríà ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú wa ní àgbègbè yìí, láti orí owó àgbẹ̀ kòkó ìgbà òmìnira dé orí owó epo. Kò sí ẹni tó ń san án padà sí Ọ̀rítamẹ́fà. Owó tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ sílé ń bọ́ òbí, ó ń rán àbúrò nílé ẹ̀kọ́, kò ra ẹ̀rọ fún wọ́ọ̀dù. N kò lè dá nọ́ọ̀sì kankan lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè dá àwọn ti ọdún 1934 lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ bí ẹni pé àná ni ó bẹ̀rẹ̀, tàbí bí ẹni pé ìwà ojúkòkòrò àwọn ọ̀dọ́ ni, a ti gbàgbé pé ìlú kan ló gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún ìlú kejì, pé òṣùwọ̀n náà dára, àti pé ìlú tó ni òṣùwọ̀n ló ń kórè.

Nọ́ọ̀sì náà tú aṣọ ìfúnpá kúrò lápá ìyá àgbà. Ìyá ní, "Adéọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, èmi." Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ìyá mi sí, mà." Ó kọ iye tó rí sínú ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó sì ní, "Ó ti wálẹ̀ ju ti àná lọ."